Ford 200, Chevrolet 250 àti Slant Six 225: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ọkọ̀ Àtijọ́ Oní Sìlíńdà Mẹ́fà

Bí ẹ bá ń wo ìpolówó ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́, ẹ ó ṣàkíyèsí pé ẹni tó ń ta ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì V8, èyí tó ní sìlíńdà mẹ́jọ tí wọ́n tò bíi lẹ́tà V, kì í jẹ́ kí ìlà àkọ́kọ́ parí kó tó dárúkọ V8 náà, ṣùgbọ́n ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ oní sìlíńdà mẹ́fà á kọ́kọ́ yin àwọ̀ ọkọ̀, á yin àga, á yin táyà, kó tó wá fi ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì há ìsàlẹ̀ pátápátá bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ gbèsè. Ìtìjú yẹn ni ó jẹ́ kí owó ọkọ̀ oní sìlíńdà mẹ́fà rọjú ju ti V8 lọ. Òun náà ni ó sì ń mú kí àwọn tó ni ín máa tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, kí wọ́n máa fi páàtì tí kò bá a mu tún un ṣe, kí wọ́n sì gbé e fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Èmi náà ti jẹ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rí, ohun tí ojú mi sì rí ni ó bí ìfiwéra yìí.

Ẹ́ńjìnnì mẹ́ta ni mo fẹ́ gbé ka iwájú yín. Èkíní ni Ford 200, tó wà nínú Mustang, Falcon, Comet àti Maverick. Èkejì ni Chevrolet 250, tó wà nínú Nova, Chevelle àti Camaro. Ẹ̀kẹta ni Slant Six 225 ti Chrysler, tó wà nínú Valiant, Dart àti Duster. Nọ́ńbà tó wà lára orúkọ kọ̀ọ̀kan ni ìwọ̀n àyè inú sìlíńdà rẹ̀ ní íǹṣì kúbíìkì. Ọdún mẹ́rin ni mo fi wa Mustang ọdún 1966 tó ní Ford 200. Dart ọdún 1969 tó ní Slant Six ni mo ń wà báyìí. Àbúrò mi ni ó ni Nova tó ní 250, ṣùgbọ́n ọwọ́ tèmi ni ó pọ̀ jù lára rẹ̀, nítorí pé ọ̀dọ̀ mi ni ó máa ń wà á wá nígbàkúùgbà tí ara rẹ̀ kò bá dá. Ẹni tó bá ti náwó lé nǹkan lórí kì í ṣe adájọ́ tí kò ní ẹ̀gbẹ́, mo sì gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ n ó gbìyànjú láti fún oníkálukú ní ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Mi ò ní fi agbára ẹṣin dá yín dúró. Nọ́ńbà wọ̀nyẹn wà níbi gbogbo, wọ́n sì máa ń ṣini lọ́nà, nítorí pé ṣáájú ọdún 1972, agbára tí ẹ́ńjìnnì ní lórí pẹpẹ ìdánwò, láìsí sàlẹ́ńsà ọkọ̀ àti àwọn ẹrù mìíràn lára rẹ̀, ni àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà máa ń kéde. Láti ọdún 1972 ni wọ́n ti ń kéde agbára tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí gbogbo ẹrù náà bá ti wà lórí rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí Slant Six tí wọ́n kọ 145 sí ní àwọn ọdún 1960, tí ẹ sì rí ti ọdún 1972 tí wọ́n kọ 110 sí, ọ̀nà ìwọ̀n ni ó yí padà ju ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ lọ.

Ohun tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi jọra

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta to sìlíńdà mẹ́fà sí orí ìlà kan ṣoṣo. Písítìnnì kìíní àti ẹ̀kẹfà jọ ń gòkè, wọ́n jọ ń sọ̀. Ìkejì ń bá ìkarùn-ún rìn, ìkẹta sì ń bá ìkẹrin rìn. Ìdá mẹ́ta ìyípo kan ni ó wà láàárín ìsọ̀rí kan àti èkejì, nítorí náà ìgbọ̀nrìrì tí ìsọ̀rí kan bá fẹ́ dá sílẹ̀ ni àwọn méjì yòókù ń pa rẹ́, láìsí ọ̀pá ìdẹ̀rọ̀ kankan tí ẹnikẹ́ni tún fi sínú rẹ̀. Ní gbogbo ìwọ̀n dígírì 120 tí kíráńkì, ọ̀pá tí àwọn písítìnnì ń yí, bá yí ni iná ń ṣẹ́ nínú sìlíńdà kan. Àbúrò mi ti yí kọ́kọ́rọ́ Nova rẹ̀ láti tan ẹ́ńjìnnì tó ti wà ní títàn tẹ́lẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, nítorí pé kò gbọ́ ohùn rẹ̀, tí sítátà á sì ké bí ajá tí wọ́n tẹ̀ ní ìrù. Ní ti kí ẹ́ńjìnnì dákẹ́ rọ́rọ́ lórí ìdúró, 250 ni ó borí, mi ò sì jiyàn.

Ẹni tí ojú bá ṣì ń tì kí ó rántí pé ẹ́ńjìnnì sìlíńdà mẹ́fà ti Chevrolet, ẹ̀gbọ́n 250 tí wọ́n ń pè ní 235, ni ó wà nínú gbogbo Corvette ọdún 1953, 300 péré tí wọ́n ṣe ní ọdún náà.

Iná àti kábúrétọ̀: ibi tí owó mi wọlẹ̀ sí

Ìbéèrè kan ṣoṣo wà tí ǹ bá bi ẹni tó ta Mustang yẹn fún mi, tí mi ò bi í: ṣé kábúrétọ̀ yìí àti dísìtíríbútọ̀ yìí jọ wá láti ilé kan náà? Kábúrétọ̀ ni ó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, dísìtíríbútọ̀ ni ó ń pín iná fún pílọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ náà ń dán. Ó tàn ní ìfọwọ́kàn àkọ́kọ́. Mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn lórí ìdúró, ó sì dáhùn. Ọjọ́ tí mo wà á gun òkè kan tó gùn ni mo tó mọ̀ pé nǹkan wà nínú ẹ̀wù: bí mo ṣe ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i ni agbára rẹ̀ ń dín kù sí i, ó ń wúkọ́, ìka tó ń sọ bí omi ṣe gbóná tó sì ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò díẹ̀, ó tún máa ń fà. Bó bá dé orí ilẹ̀ títẹ́jú, kò ní ẹjọ́ kankan. Epo tó sì ń mu kò bá ìwọ̀nba agbára tó ń fún mi mu rárá.

Mo pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì àti wáyà wọn. Mo pààrọ̀ kọ́ọ̀lì. Mo pààrọ̀ kọ́ńtáàtì lẹ́ẹ̀mejì, nítorí mo rò pé èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tà fún mi kò dára. Mo fọ rédíétọ̀, mo pààrọ̀ pọ́ǹpù epo, nígbà tó sì yá, mo gbà kí wọ́n tú tọ́ọ̀pù sìlíńdà kí wọ́n lè lọ fáàfù, iṣẹ́ tí fáàfù náà kò nílò, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó lọ̀ wọ́n ti jẹ́wọ́ lẹ́yìn tó ti gbowó tán. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Òkè náà wà níbẹ̀, kò yẹ̀.

Mẹkáníìkì àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni ó yanjú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó fi iná táímìnì, iná ọwọ́ tó ń fi ìgbà tí pílọ́ọ̀gì ń ṣẹ́ná hàn, sí i, ó yọ páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ láti kábúrétọ̀ sí dísìtíríbútọ̀, ó sì ní kí n tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Mo tẹ̀ ẹ́. Àmì orí kíráńkì kò kúrò lójú kan. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ta ni ó gbé kábúrétọ̀ yìí lé e lórí?”

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó rí, nítorí pé òun ni ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo ń kọ yìí. Epo kì í jó tán lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń sáré tó ni iná pílọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ máa ṣíwájú tó, kí jíjó náà lè bá písítìnnì lójú ibi tó yẹ. Nínú dísìtíríbútọ̀ tó wọ́pọ̀, nǹkan méjì ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àkọ́kọ́ ni àwọn irin wíwúwo kékeré tó máa ń na apá síta bí ọ̀pá àárín bá ṣe ń yí kíákíá, àwọn yìí ni wọ́n ń tẹ̀lé eré ẹ́ńjìnnì. Èkejì ni awọ pẹlẹbẹ inú agolo kékeré kan tí ìfàmu afẹ́fẹ́ láti ọ̀dọ̀ kábúrétọ̀ ń fà, òun ni ó ń tẹ̀lé bí ẹrù ṣe wà lórí ẹ́ńjìnnì tó. Ṣùgbọ́n títí di ọdún 1967, dísìtíríbútọ̀ tí Ford ń fi sí ẹ́ńjìnnì yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní Load-O-Matic, kò ní irin wíwúwo rárá. Awọ yẹn nìkan ni ó ń dá ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Kí ó lè rí i ṣe, kábúrétọ̀ tó bá a wá, tí í ṣe Autolite 1100 ní àárín àwọn ọdún 1960, ń kó ìfàmu jọ fún un láti ibi méjì: láti ọ̀nà ọ̀fun tóóró kábúrétọ̀, níbi tí ìfàmu ti ń pọ̀ sí i bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń sáré sí i, àti láti ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ tí ẹsẹ̀ yín ń ṣí. Fáàfù kékeré kan wà lára kábúrétọ̀ náà tó ń dí ọ̀nà kejì yìí nígbà tí ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an, kí ti ọ̀nà ọ̀fun lè ṣẹ́ kù. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìdajì dísìtíríbútọ̀ yín ń gbé inú kábúrétọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá yọ kábúrétọ̀ náà, tó gbé òmíràn tí kò ní ihò ọ̀fun àti fáàfù yẹn sí ipò rẹ̀, ìfàmu tó kù fún dísìtíríbútọ̀ ni èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́, tó sì jẹ́ pé bí ẹsẹ̀ bá ṣe ń wọlẹ̀ ni ó ń pòórá. Nígbà tí ẹ bá ń gun òkè, tí iná yẹ kó ṣíwájú, ẹ̀yìn ni yóò máa fà sí. Iná tó bá pẹ́ kó tó ṣẹ́, inú sàlẹ́ńsà àti tọ́ọ̀pù sìlíńdà ni ooru rẹ̀ ń lọ, ìdí nìyẹn tí omi fi ń gbóná, tí epo sì ń ṣòfò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ mi nìyẹn gẹ́lẹ́. Ẹni tó ni ín kí n tó rà á ti ra kábúrétọ̀ tuntun tó jẹ́ ti ọkọ̀ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ti tèmi, ìsọ̀ páàtì tó tà á fún un sọ pé ó bá gbogbo Ford 200 mu, ihò bọ́ọ̀tì rẹ̀ sì bára mu lóòótọ́, ni kò fi sí ẹni tó tún bi í léèrè ohunkóhun. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì. Àwọn páàtì méjèèjì mọ ara wọn nígbà tí ọkọ̀ náà kúrò ní ilé-iṣẹ́. Àwa tí a ń ra páàtì lọ́kọ̀ọ̀kan ni a ń já wọn sọ́tọ̀ láìmọ̀. Ẹ má sì rò pé apá kan ni àṣìṣe yìí ń gbà wá: bí ẹ bá fi dísìtíríbútọ̀ ti ọdún 1968 tàbí èyí tó tẹ̀lé e sí abẹ́ Autolite 1100 tó ṣì ní fáàfù yẹn, ìfàmu tí yóò máa rí gbà kì í ṣe irú èyí tí wọ́n dá a fún.

Nítorí náà, bí ẹ bá lọ wo Ford oní sìlíńdà mẹ́fà tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1968, ẹ mú iná táímìnì dání, kí ẹ sì ṣe ohun tí bàbá yẹn ṣe. Bí páìpù bá wà ní yíyọ, tí àmì kò sún nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń sáré, Load-O-Matic ni. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kábúrétọ̀ bóyá fáàfù kékeré náà wà níbẹ̀. Bí méjèèjì bá wà, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ọ̀kan kò bá sí, ẹ fi owó rẹ̀ yọ kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san. Àtúnṣe tó dúró ni kí ẹ wá dísìtíríbútọ̀ ti ọdún 1968 sókè, èyí tó ní irin wíwúwo àti awọ papọ̀, kí ẹ sì fi kábúrétọ̀ tó bá a rìn lé e, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ wọn ẹsẹ̀ ọ̀pá tó ń yí pọ́ǹpù ọ́ìlì, nítorí pé nínípọn rẹ̀ kò dọ́gba ní gbogbo ọdún. Èyí ni mo ṣe. Mustang náà gun òkè yẹn láìyí gíà padà, inú mi sì bàjẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí mo ń ṣírò ohun tí mo ti ná.

Ní ti àwọn méjì yòókù, ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Chevrolet 250 àti Slant Six ní irin wíwúwo àti awọ nínú dísìtíríbútọ̀ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá fi kábúrétọ̀ tí kò yẹ sí wọn, epo ni yóò ṣòfò, táímìnì wọn kò ní dàrú. Láti ọdún 1975 ni Chevrolet sì ti ní iná ẹlẹ́kitiróníìkì tí kò lo kọ́ńtáàtì, tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń yọ ọ́ láti fi sí 250 ti ìṣáájú. Chrysler ti ṣe tirẹ̀ ní ọdún 1973. Àléébù Slant Six ni pé dísìtíríbútọ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ ibi tí ẹ́ńjìnnì tẹ̀ sí, ọwọ́ kì í tètè dé ibẹ̀, jíà tó wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ti náílọ́ọ̀nù, tó lè jẹ tán tàbí kó là. Ẹ yọ ọ́, ẹ wò ó, kí ẹ sì ra òmíràn pamọ́. Páàtì kékeré ni.

Mánífóòdù

Mánífóòdù, páìpù tó ń pín afẹ́fẹ́ wọ sìlíńdà tàbí tó ń kó èéfín jáde, ni ó tẹ̀lé e, pàápàá bí ẹ bá ní in lọ́kàn láti fi agbára díẹ̀ kún ẹ́ńjìnnì náà lọ́jọ́ iwájú. Ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú Ford 200 kì í ṣe páàtì tó dá dúró. Wọ́n dà á pọ̀ mọ́ tọ́ọ̀pù sìlíńdà bí ìtì igi kan tí kábúrétọ̀ jókòó sí àárín rẹ̀. Kò lè jò níbi ìsopọ̀, nítorí pé kò sí ìsopọ̀, àǹfààní gidi sì nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ fi kábúrétọ̀ ẹlẹ́nu méjì sí i, ẹ ó gbé tọ́ọ̀pù sìlíńdà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń gé irin. Ọsirélíà ni wọ́n ti wá ojútùú sí i: Ford ti ibẹ̀ ṣe tọ́ọ̀pù sìlíńdà kan fún 250 tiwọn tí mánífóòdù rẹ̀ ń yọ, wọ́n ń pè é ní 250-2V, àwọn olólùfẹ́ Ford ní Amẹ́ríkà sì ń wá a kiri títí di òní.

Chevrolet 250 ní mánífóòdù tó ń yọ, àmọ́ sìlíńdà méjì-méjì ni ó ń pín ẹnu ọ̀nà kan. Ẹ ṣọ́ra fún ti ọdún 1975 lọ sókè, nítorí pé nínú àwọn kan lára wọn, wọ́n da mánífóòdù pọ̀ mọ́ tọ́ọ̀pù sìlíńdà bíi ti Ford, tí gbogbo ohun tí mo sọ nípa Ford sì bá wọn wí.

Slant Six ni mo fẹ́ràn ìrísí rẹ̀ jù níbí. Ó tẹ̀ sí apá ọ̀tún ní ìwọ̀n dígírì 30 kí bọ́nẹ́ẹ̀tì lè lọ sílẹ̀, títẹ̀ yẹn sì fi àyè fífẹ̀ sílẹ̀ ní apá òsì, tí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan fi rí páìpù afẹ́fẹ́ gígùn tirẹ̀, láìbá ẹnikẹ́ni pín in. Ohun tí irú páìpù bẹ́ẹ̀ lè ṣe hàn ní oṣù kìíní ọdún 1960 ní Daytona, nígbà tí àwọn Valiant tó ní Slant Six kékeré, 170, pẹ̀lú mánífóòdù gígùn àti kábúrétọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́rin, gba ipò kìíní títí dé ìkeje nínú ìdíje àwọn ọkọ̀ kékeré. Fún àwa tí a kò bá ẹnikẹ́ni sáré, mánífóòdù ẹlẹ́nu méjì tí Chrysler fúnra rẹ̀ gbé jáde fún ọdún 1977 lè wọ ara ẹ́ńjìnnì ti ìṣáájú pẹ̀lú bọ́ọ̀tì lásán.

Ṣùgbọ́n mánífóòdù yìí kan náà ni mẹkáníìkì oníkánjú fi ń ba Slant Six jẹ́. Èyí tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé àti èyí tó ń tú èéfín síta ni wọ́n fi bọ́ọ̀tì mẹ́ta so pọ̀, tí wọ́n sì jọ jókòó sórí gásíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Irin máa ń gbóná, ó máa ń gùn, ó sì gbọ́dọ̀ rí àyè sún. Ẹni tó bá fún bọ́ọ̀tì mẹ́ta yẹn pinpin kí ó tó gbé gbogbo rẹ̀ lé ẹ́ńjìnnì, tàbí tó fi gbogbo agbára apá fún àwọn nọ́ọ̀tì, ti èéfín yóò là fún un. Ẹ fún bọ́ọ̀tì mẹ́ta náà ní ìfúnkúfùn-ún ná, kí ẹ fún nọ́ọ̀tì ara tọ́ọ̀pù sìlíńdà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tó padà sí mẹ́ta náà. Nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ tan ẹ́ńjìnnì nígbà tó tutù, kí ẹ fetí sí i bóyá ó ń dún tí-tí-tí. Bí ìró náà bá pòórá lẹ́yìn tó gbóná, ó ti là tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó. Bí kò bá pòórá, tí ó sì dọ́gba, tápẹ́ẹ̀tì, páàtì tó ń ti fáàfù ṣí, ni.

Àwọn ohun yòókù

Bẹ́árìnì kíráńkì, ibi tí kíráńkì ti ń yí nínú búlọ́ọ̀kù: Chevrolet 250 ní méje; Ford 200 ní mẹ́rin ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì di méje ní ọdún 1965. Ẹ lè dá èyí mọ̀ láti ìta: ẹ ka àwọn ìdérí róbótó tí wọ́n gbá sí ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù Ford, mẹ́ta túmọ̀ sí bẹ́árìnì mẹ́rin, márùn-ún túmọ̀ sí méje. Mẹ́rin péré ni Slant Six ní láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn olólùfẹ́ Chevrolet sì máa ń fi èyí bú wa. Ìdáhùn mi ni pé irin tí wọ́n fi òòlù lù ni kíráńkì rẹ̀ títí wọ́n fi yí i sí èyí tí wọ́n dà ní ọdún 1976, àti pé mi ò tíì pàdé ẹni tí kíráńkì Slant Six kán mọ́ lọ́wọ́.

Jíà táímìnì: ṣéènì ni Ford àti Slant Six ń lò. Jíà pọ̀ mọ́ jíà ni Chevrolet 250 ń lò, ti ara káàmù, ọ̀pá tó ń darí fáàfù, sì jẹ́ ti okùn àti oje tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ kí ó má baà pariwo. Ìdí kan tí Nova fi ń dákẹ́ nìyẹn. Àmọ́ bí eyín rẹ̀ bá já, ẹ́ńjìnnì kú lójú ẹsẹ̀, kò sì ní kìlọ̀ fún yín. Ti àbúrò mi kú lórí afárá. Nítorí pé wọ́n tẹ jíà náà mọ́ ara káàmù ni, káàmù gbọ́dọ̀ jáde kí wọ́n tó lè pààrọ̀ rẹ̀, rédíétọ̀ sì gbọ́dọ̀ kúrò lọ́nà. Bí ẹni tó ń ta 250 fún yín bá lè fi hàn pé wọ́n ti fi irin rọ́pò rẹ̀, ẹ fi nǹkan kún owó rẹ̀.

Tápẹ́ẹ̀tì: ọ́ìlì ń tún ti Ford àti Chevrolet ṣe fúnra rẹ̀, ti Slant Six, títí di ọdún 1980, ẹ̀yin ni ẹ ó máa fi ọwọ́ ṣe é, íǹṣì 0.010 fún fáàfù afẹ́fẹ́ àti 0.020 fún ti èéfín, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Iṣẹ́ ọ̀sán ọjọ́ kan ni, mo sì máa ń gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni yóò gbádùn rẹ̀.

Rẹ̀sísítọ̀ iná ti Chrysler, èyí tó ń dín iná tó ń lọ sí kọ́ọ̀lì kù: ó máa ń jó. Bí ẹ́ńjìnnì bá tàn nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà lórí sítátà, tó sì kú ní kété tí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, òun ni.

Búlọ́ọ̀kù alumíníọ̀mù: láàárín ọdún 1961 sí 1963, Chrysler ṣe díẹ̀ lára 225 pẹ̀lú alumíníọ̀mù. Ó fúyẹ́, ó ṣọ̀wọ́n, ó sì lẹ́wà lójú ẹni tó ń kó nǹkan jọ. Ẹni tó fẹ́ máa wa ọkọ̀ kí ó wá ti irin.

Ìsàlẹ̀ ọkọ̀: bí ẹ bá ń ra Mustang oní sìlíńdà mẹ́fà ti ọdún 1965 tàbí 1966 pẹ̀lú èrò pé ẹ ó fi V8 sí i lọ́jọ́ kan, ẹ mọ̀ pé nọ́ọ̀tì mẹ́rin ni ó di táyà rẹ̀ mú dípò márùn-ún, bíréèkì rẹ̀ kéré, ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ sì fúyẹ́ ju ti V8 lọ. Gbogbo rẹ̀ ni ẹ ó pààrọ̀. Ẹ kúkú ra V8 láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ràn mẹ́fà rí mẹ́fà rà.

Ta ni kí ó ra èwo?

Ẹni tó fẹ́ kí ọkọ̀ òun dákẹ́, tí kò fẹ́ fọwọ́ kan tápẹ́ẹ̀tì láéláé, tó sì fẹ́ bẹ́árìnì méje, Chevrolet 250 ni kí ó rà, kí ó sì yanjú ọ̀rọ̀ jíà yẹn ní oṣù àkọ́kọ́, kí afárá tó yanjú rẹ̀ fún un.

Ẹni tí ìrísí Mustang tàbí Falcon bá ti gba ọkàn rẹ̀, kò sí ohun tí mo lè sọ tí yóò yí i lọ́kàn padà, mi ò sì fẹ́ gbìyànjú rẹ̀. Ford 200 tó ní bẹ́árìnì méje, tó sì ní dísìtíríbútọ̀ àti kábúrétọ̀ tó mọ ara wọn, jẹ́ ẹ́ńjìnnì tó ṣe é fọkàn tán. Ọdún kẹrin mi pẹ̀lú rẹ̀ dùn. Mẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀ ni mi ò lè gbàgbé. Kí ó mú iná táímìnì dání, kí ó má sì jẹ́ kí ẹni tó ń tà á fi kíkùn tó ń dán gba ojú rẹ̀.

Ní ti Slant Six, mo ti ka àwọn àléébù rẹ̀ fún yín láìfi ọ̀kan pamọ́: tápẹ́ẹ̀tì tó ń béèrè ọwọ́, mánífóòdù tó kórìíra ìkánjú, jíà náílọ́ọ̀nù, dísìtíríbútọ̀ tó sá pamọ́, àti rẹ̀sísítọ̀ tó ń jó. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń béèrè pé kí ẹ tú ẹ́ńjìnnì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kan tí ẹ kò ní mọ ibi tó ti ń wá. Ìgbà tí mo ra Dart, ẹni tó tà á fún mi na rẹ̀sísítọ̀ kan sí mi, ó ní kí n fi í pamọ́ sínú àpótí iwájú nítorí pé dandan ni kí n nílò rẹ̀. Ọdún kẹfà rèé, ó ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀.